Ọ̀rọ̀ Tí Bàbá Ràímì Kò Rí Gbà Padà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí bàbá mi àgbà jẹ́, ìdí ẹran Iléyá ló yẹ kí ẹ ti bá a. Yóò tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, yóò ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, kò sì ní í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ilé kan, òkìtì kan. Bí egungun bá wà nínú òkìtì kan, egungun gbọ́dọ̀ wà nínú gbogbo wọn. Bí ẹ̀dọ̀ bá kéré, yóò gé e títí tí yóò fi dà bí èékánná, kí ó ṣáà lè kárí. Lọ́dún kan, Ìyá Músílíù tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa wà lórí àìsàn, kò lè jẹ ohun tó le. Ìyá mi àgbà ní kí wọ́n kó ẹ̀dọ̀ fún un. Bàbá ní rárá, bí wọ́n bá kó ẹ̀dọ̀ fún ẹnìkan, àwọn tó kù ńkọ́?

"Àwọn tó kù ní eyín lẹ́nu."

"Ìpín ni ìpín, Ìyá Ràímì."

Ìyá àgbà kò bá a jà. Ó dúró títí Bàbá fi lọ kírun, ó ṣa ẹ̀dọ̀ kúrò lórí gbogbo òkìtì, ó dì í, ó ní kí n gbé e lọ fún obìnrin náà. Nígbà tí Bàbá dé tó rí i, ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìyá àgbà ń gbálẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Ìgbà tí Bàbá pariwo tán ni Ìyá àgbà nà ró, ó ní: "Bàbá Ràímì, ẹ mọ nǹkan pín. Ẹ ò kàn mọ ẹni tó tọ́ sí ni."

Láti ọjọ́ tí Bàbá ti kú ni àwọn èèyàn ti ń sọ fún mi pé ó mọ nǹkan pín. Òótọ́ ni. Òun ló pín ilẹ̀ fún àwọn àbúrò rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi lọ sí kóòtù. Òun ló ṣètò bí wọ́n á ṣe máa pọn omi kànga lọ́gbẹlẹ̀, ìdílé yìí láàárọ̀, ìdílé yẹn nírọ̀lẹ́. Bí àwọn ọmọdé bá ń jà nídìí àgbàdo sísun, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ fún Bàbá Ràímì." Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fi kún un pé òun náà ló yanjú ọ̀rọ̀ áńbúláǹsì, mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀. Èmi kì í ṣe ẹni tó lè jiyàn láàrin èrò. Ìwé mi kò jìnnà. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Abà wa wà ní ilẹ̀ Ìbàràpá níhìn-ín, níbi tí kánsù méjì ti pààlà. Odò kékeré kan ni ààlà náà, afárá sì wà lórí rẹ̀. A kì í ka ààlà yẹn sí. Oko ẹ̀gẹ́ Bàbá wà níhà ọ̀dọ̀ wa, ebè iṣu rẹ̀ wà lódìkejì. Ìgbà tí ìbò bá ń bọ̀ nìkan la máa ń rántí pé a kì í ṣe ará ibì kan náà. N kò ní í dárúkọ kánsù kankan. Ibẹ̀ ni mo ṣì ń gbé, gàrí ni mo ń yan tí mo ń gbé lọ sí ọjà Igbó-Ọrà àti Lanlate, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá bá mi nídìí agbada mi.

Ẹnì kan ṣoṣo tó lè bú Bàbá kó sì mú un jẹ ni Bàbá Jósáyà, tó ń gbé lódìkejì afárá. Onígbàgbọ́ ni. Láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn ni àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣe àáró. Lónìí wọ́n á jọ kọ ebè lóko ẹnìkan, lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á jọ lọ sóko ẹnì kejì. Bí ẹnìkan bá pẹ́ dé, wàhálà dé.

"Bàbá Jósáyà, ṣé àdúrà lo ṣì ń gbà ni, àbí oorun lo ń sùn?"

"Àdúrà ni. Mo ní kí Ọlọ́run mú ọ gbọ́n."

"Ní kó kọ́kọ́ bá ọ ra aago."

Nígbà tí mo gbọ́njú, kò sí ẹni tó lágbára ọkọ́ mọ́ nínú wọn. Àwọn ọmọ ló ń kọ ebè, àwọn àgbà méjèèjì á jókòó sábẹ́ igi kaṣú, wọ́n á máa ṣọ́ ọ. Bí poro ti ẹnìkan bá gùn ju ti ẹnì kejì lọ, wọ́n á pe ọmọ náà padà. Bàbá kò mọ ohun mìíràn tó dára tó àáró láyé. Ó máa ń sọ fún wa pé, "Nínú àáró, kò sí olówó, kò sí tálákà. Bó bá kàn ọ́, ó kàn ọ́."

Ó máa ń bá rédíò jà. Bí wọ́n bá ní ìjọba máa ṣe ọ̀nà kan, Bàbá á ní, "Lọ́jọ́ wo?" Rédíò á bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ. Bàbá á kọjú sí mi, áṣáà á ti kún imú rẹ̀, á ní, "Àṣàkẹ́, ṣé o rí i? Kò dáhùn." Mo bẹ̀rù rẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé nítorí pé ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò sì sí lẹ́nu tèmi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú rẹ̀ di bàìbàì, èmi ló máa ń mú dání bó bá ń jáde. Wọ́n bi í pé ṣé kò rí àwọn ọmọ ọkùnrin ni. Ó ní, "Àwọn yẹn á máa rojọ́ fún mi lójú ọ̀nà. Àṣàkẹ́ máa ń jẹ́ kí n ronú."

Nítorí pé èmi ló ń mú dání ni mo ṣe mọ gbogbo ọ̀rọ̀ áńbúláǹsì yìí bó ṣe rí.

Kánsù méjèèjì kò lágbára láti dá áńbúláǹsì rà, wọ́n bá dáwó pọ̀ ra ẹyọ kan. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n mọ́tò dé tán ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Níbo ni yóò máa sùn? Ta ni yóò máa ra epo sí i? Bó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará ọ̀hún, ṣé àwọn ará ìhín ló máa tún un ṣe? Mọ́tò náà wà níbi tí wọ́n gbé e sí títí adìẹ fi ń yé sábẹ́ rẹ̀. Níkẹyìn wọ́n pe àwọn àgbà tó wà létí ààlà sí ìpàdé, wọ́n ní kí wọ́n wá bá àwọn dá sí i.

Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni mo jókòó sí. Àwọn kánsẹ́lọ̀ fa ọ̀rọ̀ náà títí ó fi di ariwo. Bàbá dìde, ó fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ wa, ṣé ẹ ò ṣe àáró rí ni? Kí mọ́tò wà lọ́wọ́ àwọn ará ìhín lọ́sẹ̀ kan. Kí wọ́n ra epo rẹ̀, kó ṣiṣẹ́ tiwọn. Lọ́sẹ̀ kejì, kó kọjá afárá lọ sọ́dọ̀ àwọn ará ọ̀hún. Ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kó máa tọ́jú rẹ̀. Ó tán."

Ilé ìpàdé pariwo ayọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn alága dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un. Bàbá Jósáyà nìkan ló gbọn orí. "Bàbá Ràímì, àìsàn ò mọ ọ̀sẹ̀ o."

"Òjò náà ò mọ ọ̀sẹ̀," ni Bàbá fèsì, "síbẹ̀ a ń ṣe àáró."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Jósáyà náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo Mọ́ńdè, wọ́n á fa mọ́tò náà lé ara wọn lọ́wọ́ lórí afárá, dírẹ́bà kan á sọ̀ kalẹ̀, dírẹ́bà kejì á gùn ún. Bàbá máa ń ní kí n mú òun lọ wò ó. Kò rí i dáadáa, ó kàn fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń kọjá ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán. Jósáyà, ọmọ ọ̀rẹ́ Bàbá, sáré wọ abà wa, kò wọ bàtà. Fúnmiláyọ̀ ìyàwó rẹ̀ ti bímọ, ẹ̀jẹ̀ kò dá, nọ́ọ̀sì sì ní kí wọ́n tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Èrúwà. Lọ́sẹ̀ yẹn ọwọ́ wa ni mọ́tò wà, níwájú ilé ìlera, lábẹ́ igi mángòrò. Bàbá di èjìká mi mú, a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré. Dírẹ́bà jókòó, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Dìde, ọmọ mi. Ìyàwó Jósáyà ń ṣẹ̀jẹ̀ lọ́hùn-ún."

Dírẹ́bà da ẹ̀pà nù, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàsán, Bàbá. Lódìkejì afárá ni àbí?"

"Ibẹ̀ ni. Jẹ́ ká lọ."

"Bàbá, ọ̀sẹ̀ ìhà ibí la wà. Epo ìhà ibí ló wà nínú rẹ̀. Bí mo bá kọjá afárá láìgbàṣẹ, iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn."

"Èmi ni mo ní kí o lọ!"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní àáró ni?"

N kò rí ojú Bàbá bẹ́ẹ̀ rí. Dírẹ́bà pe ọ̀gá rẹ̀, kò gbé e. Ó pe ẹlòmíràn, ìyẹn ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn ará ọ̀hún bóyá wọ́n á dá epo padà. N kò lè bú dírẹ́bà náà, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀ bó ṣe ń tẹ fóònù. Jósáyà kò dúró dè wọ́n, ó ti padà lọ gbé ìyàwó rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń pe ara wọn ni ọ̀kadà kan ti sáré kọjá ní iwájú wa. Fúnmiláyọ̀ wà láàrin Jósáyà àti ọlọ́kadà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì. Wọn kò tíì dé Èrúwà tó fi dákẹ́. Ọmọ náà yè. Obìnrin ni.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá ní kí n mú òun lọ. Bàbá Jósáyà jókòó síta lórí àpótí, kò ní kí ó jókòó. Bàbá dúró lórí ọ̀pá rẹ̀, ó ń wí pé, "Àmúwá Ọlọ́run ni, ẹ pẹ̀lẹ́, àmúwá Ọlọ́run ni." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbójú sókè. Kò pariwo. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló kàn wá. Ṣé ó yẹ kí n ti ní kí Fúnmiláyọ̀ dúró dè é ni?"

Wọn kò jọ jókòó mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Bàbá á gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́nà oko, á dúró, ìyẹn á kọjá.

Bàbá kò bá rédíò jà mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Lọ́jọ́ kan ó wá jókòó tì mí níbi tí mo ti ń yan gàrí, èéfín ń lọ sí i lójú, kò sún kúrò. Ó ní, "Àṣàkẹ́, àáró ni mo sọ. Ọ̀wẹ̀ ló yẹ kí n sọ." Kò sí ará oko tí kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì. Àáró ní ipò, kálukú ń dúró de tirẹ̀. Ọ̀wẹ̀ kò ní ipò. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá bẹ ọ̀wẹ̀, bóyá ìjì ṣí òrùlé rẹ̀ tàbí iṣẹ́ àna bọ́ sí i lọ́rùn, gbogbo èèyàn á dà lọ bá a lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹnikẹ́ni kò ní í bèèrè pé ta ló kàn. Bàbá nu ojú rẹ̀. "Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í bèèrè pé ọ̀sẹ̀ ta la wà."

Ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí kánsù méjèèjì láti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Èmi ló ń mú un lọ. Bí mo bá rántí, ọkàn mi a máa gbóná. Bí wọ́n bá lé wa síta, à bá mọ̀ pé wọ́n lé wa. Wọn kò lé wa. Wọ́n á dọ̀bálẹ̀. Wọ́n á gbé àga tó ní tìmùtìmù fún un. Wọ́n á fún wa ní mínírà tútù.

"Bàbá wa! Ẹ̀yin lẹ gbà wá lọ́wọ́ ìjà!"

"Ẹ ṣé. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá. Ohun tí mo sọ níjọ́sí, àṣìsọ ni."

"Há, Bàbá! Ẹ̀yin náà mà lè rẹ ara yín sílẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ àgbà kì í ṣì."

"Ó ṣì. Mo ní ó ṣì. Kí mọ́tò dúró létí afárá, kí ẹ jọ máa ra epo, kó máa lọ síbi tí wọ́n bá ti pè é."

"A ti gbọ́, Bàbá. Alága ò sí nílé ni. A máa jẹ́ kí wọ́n gbọ́."

Ní kánsù kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń wọ táì sọ òótọ́ fún un. Ó ní bí wọ́n bá tún ọ̀rọ̀ náà tú, ìjà epo á tún bẹ̀rẹ̀, mọ́tò á tún padà sábẹ́ adìẹ, nítorí náà kí Bàbá jẹ́ kó wà bó ṣe wà. Bàbá bi í pé ṣé ìyàwó rẹ̀ lóyún. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kò tíì gbéyàwó. Kò yé e. Bí a ṣe ń jáde, Bàbá na mínírà rẹ̀ sí mi láìṣí i. "Mu ún. Òun nìkan ni wọ́n gbà kí n gbé kúrò níbẹ̀."

Mo ti sọ pé kì í ṣe ẹni tó ń dákẹ́. Ní Mọ́ńdè kan, ó ní kí n ká ẹní rẹ̀ dání. Nígbà tí a dé orí afárá, ó ní kí n tẹ́ ẹ sáàrin ọ̀nà. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ sá. Mo tẹ́ ẹ. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó, ó fi ọ̀pá rẹ̀ dábùú itan. Mọ́tò dé, àwọn òṣìṣẹ́ kánsù méjèèjì sọ̀ kalẹ̀, ti ìhín àti ti ọ̀hún. Ọlọ́kadà ń dúró, àwọn obìnrin tó ń bọ̀ láti oko sọ ẹrù kalẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, òòrùn ń mú."

"Ó ń mú ẹ̀yin náà."

"Bàbá, ẹ dìde kí mọ́tò kọjá."

"Kò ní í kọjá. Ibí ni yóò máa gbé. Ẹni tó bá ní ẹni tó ń kú, kó wá síbí wá pè é."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Wọ́n bẹ èmi náà, bí ẹni pé mo lè bá a sọ̀rọ̀. Níkẹyìn ẹnìkan sọ nǹkan sétí ẹnìkan. Àwọn ọkùnrin bíi mélòó kan láti kánsù ìhín, àti bíi mélòó kan láti kánsù ọ̀hún, di ẹní náà mú ní igun gbogbo, wọ́n gbé Bàbá sókè tẹní-tẹní, jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ọmọ tuntun, wọ́n ń wí pé "Ẹ má bínú, Bàbá," wọ́n sì gbé e kalẹ̀ sábẹ́ igi. Fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Mọ́tò kọjá. Mo ń sunkún, Bàbá ń rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín kan tí kò dùn ún gbọ́. Ó ké tẹ̀ lé wọn: "Ẹ ṣé o! Ẹ̀yin náà rí i pé ẹ mọ ọ̀wẹ̀ ṣe!"

Láàrin àwọn tó ń wòran ni Bàbá Jósáyà wà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé fìlà náà, ó gbọn eruku rẹ̀ dànù, ó fi lé mi lọ́wọ́. Kò bá Bàbá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú wa títí a fi ká ẹní.

Ọyẹ́ ló mú Bàbá lọ. Ó kírun àárọ̀ tán, ó dùbúlẹ̀ sórí awọ ìkírun rẹ̀, kò sì jí mọ́. Ọjọ́ ogbó ti dé, kò sí ohun tí áńbúláǹsì kankan ìbá ṣe sí i.

Lọ́jọ́ fídáù rẹ̀, kánsù méjèèjì rán èèyàn wá. Wọ́n fún wọn ní àga níwájú. Nígbà tí Áfáà ṣe àdúrà tán, ọ̀kan nínú wọn gba gbohùngbohùn. Ó ní bàbá yìí ṣe ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé kò lè ṣe, òun ló kọ́ àwọn ní àáró, àwọn sì ti fẹnu kò láti kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà-gadagba sí ara áńbúláǹsì náà, kí ìran tó ń bọ̀ lè mọ̀ ọ́n. Èrò pàtẹ́wọ́. Ràímì, bàbá tó bí mi, ti dọ̀bálẹ̀, ó ń dúpẹ́.

Abọ́ oúnjẹ wà lọ́wọ́ mi. N kò mọ bí mo ṣe dé iwájú.

"Ẹ má kọ ọ́."

Ẹnìkan fà mí láṣọ. "Àṣàkẹ́, kí ló ń ṣe ọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀." Ohùn mi kéré, àwọn tó wà lẹ́yìn ń bèèrè pé kí ni mo sọ. "Bàbá ti gba ọ̀rọ̀ yẹn padà. Ó wá sọ́dọ̀ yín wá sọ ọ́. Èmi ni mo mú un wá. Ẹ ò jẹ́ kó sọ ọ́."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn èrò. "Ẹ bá wa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ọ̀fọ̀ ló ń bá a jà."

"Ẹ má dá a lóhùn," ni bàbá mi wí láti ilẹ̀, ó ń bojú wò mí, "ọmọdé ni."

Bàbá Jósáyà dìde lẹ́yìn pátápátá. Ọmọ Fúnmiláyọ̀ wà léjìká rẹ̀, ó ti sùn. Ó ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń yà fún un. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ mi, ó ní: "Ọmọ yìí kò parọ́. Bí ẹ bá máa kọ orúkọ Bàbá Ràímì sí mọ́tò yẹn, ẹ kọ ti ìyá ọmọ tó wà léjìká mi yìí sí i pẹ̀lú."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ náà wo ara wọn, èyí tó ní gbohùngbohùn dá a padà fún Áfáà, Áfáà sì tún bẹ̀rẹ̀ àdúrà mìíràn.

Ó wù mí kí n kọ ọ́ síbí pé wọ́n ti yí ètò náà padà. Wọn kò yí i. Ní Mọ́ńdè tó kọjá, mo dúró létí ọ̀nà pẹ̀lú àpò gàrí, mọ́tò náà gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sórí afárá. Ẹni tí nǹkan bá ṣe níhà ọ̀dọ̀ wa lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀kadà ni. Mo wo ara mọ́tò náà níwájú àti lẹ́yìn títí ó fi wọlẹ̀ lójú mi. Funfun ni, kò sí orúkọ bàbá mi àgbà lára rẹ̀. Ìwọ̀nba tí mo rí gbà fún un nìyẹn.